Owó Tí Ìlú Ń San fún Ààbò Láìní Ìwé Àdéhùn

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bàbá mi, ìlú kékeré kan tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ sí Iléṣà bí ọ̀nà bá dára. Iléṣà ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sílé fún ìpàdé, n ó sì kọ gbogbo ohun tí a bá sọ àti gbogbo owó tí a bá ná sínú ìwé gígùn kan tí ẹni tí ó ṣe akọ̀wé ṣáájú mi fà lé mi lọ́wọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, wọ́n ní kí n múra láti ka ìṣirò owó ọdún fún ìlú. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ya gbogbo owó tí ó jẹ mọ́ ètò ààbò sọ́tọ̀. Òun ni mo rí i pé ó pọ̀ jù nínú ìnáwó wa. Ó ju owó tí a fi tún afárá ṣe lọ, ó sì ju owó tí a fi ra ẹ̀rọ amúnáwá sí ilé ìgbẹ̀bí wa lọ.

Owó àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru ni ó ṣáájú níbẹ̀, ₦1,000 lójúlé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, àti owó bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti aṣọ òjò wọn. Lẹ́yìn èyí ni oríṣiríṣi owó tí àwọn akọ̀wé tí ó ti kọjá kọ sábẹ́ àkọlé kan náà, "ìrànlọ́wọ́ fún tẹ́ṣàn": owó epo bẹntiróòlù, owó táyà méjì, owó páànù nígbà tí atẹ́gùn ṣí òrùlé wọn, owó bébà tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó bá wá fẹjọ́ sùn, owó bátìrì ọkọ̀. Mo ka ìwé náà padà sẹ́yìn títí dé ọdún mẹ́wàá, n kò sì rí ojú ìwé kan ṣoṣo tí a kọ ohun tí ìlú yóò gbà fún owó rẹ̀ sí.

Ó dùn mí nítorí ohun tí ojú wa rí ní 2024. Ní ọdún yẹn, nígbà tí owó kòkó fò sókè dé ibi tí kò dé rí, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó lórí igi lóko olóko, wọ́n sì ń kó èyí tí a sá sílẹ̀ lọ. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n já ilẹ̀kùn ilé tí opó kan ń kó kòkó rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn ọdẹ rí wọn, wọ́n fọn fèrè, wọ́n yìnbọn sókè, ṣùgbọ́n àwọn olè náà pọ̀, ìbọn ọwọ́ wọn sì ju ṣakabùlà lọ. Alága ẹgbẹ́ wa, tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, pe tẹ́ṣàn lórí fóònù ní nǹkan bí aago méjì òru. Ẹni tí ó gbé e dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ọkọ̀ wà nílẹ̀, epo ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ bá wa wá epo, a ó gbéra." Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé. Àpò kòkó mọ́kànlá ti lọ. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi wò, mo rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ṣáájú òru náà ni a fi owó epo ránṣẹ́ sí tẹ́ṣàn yìí kan náà.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba àwọn ọlọ́pàá náà lórúkọ jẹ́, ìdí nìyí tí n kò fi ní dárúkọ ibi tí wọ́n wà. Sájẹ́ńtì tí ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ẹni tí ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ojú sì ń tì í. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún mi pé àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà, pé méjì nínú wọn kò gbọdọ̀ kúrò nídìí àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé, àti pé epo tí a rà fún wọn ti bá ìrìnàjò ilé-ẹjọ́ àti ti Òṣogbo lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kọ ọ́ síbì kan pé epo ìṣọ́ òru ni?"

A kò kọ ọ́ síbì kankan. Ìjẹ̀ṣà ni wá, ó sì yẹ kí ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lára wa ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn bàbá wa ni wọ́n ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n sì kọjá rẹ̀, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n ń padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló tí a fi ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún onígbèsè ni ó ti wá, pé ní ìlóṣòó ni àwọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san owó àwọn. Ẹni tí ó jẹ wọ́n mọ iye tí ó kù, ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò dé, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún Òṣómàáló pé òun kò rántí ohun tí àwọn jọ fi ẹnu kò sí. Ogun Kírìjì tí Ògèdèǹgbé ṣáájú fún Èkìtìparapọ̀ pàápàá, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1886 ni ó dá ìbọn dúró. Àwa ọmọ wọn ni a wá ń dá owó ààbò lóṣooṣù, tí a ń gbé e fún ènìyàn, tí a ń dúpẹ́, tí a sì ń padà sílé.

Àṣìṣe wa nìkan kọ́ sá o. Òfin ni ó tì wá síbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní apá 214, sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, pé a kò sì gbọdọ̀ dá òmíràn sílẹ̀ ní apá ibikíbi nínú rẹ̀. Apá 215 tí ó tẹ̀ lé e fún gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n ó fún kọmíṣọ́nà náà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ààrẹ lọ kí òun tó ṣe é. Bí gómìnà tí ó ń ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá kò bá lè dá wọn rán ní iṣẹ́ kan láìsí Àbújá, kí ni ìlú tí ó ra táyà méjì fẹ́ sọ? Ohun tí a ń fún tẹ́ṣàn, ẹ̀bùn ni lójú òfin. Ẹni tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀bùn kò lè padà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní Connecticut, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tí kò tóbi ju tiwa lọ púpọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ kòkó yìí fún un, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé fún ìlú. N kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ka nǹkan nípa rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ìlú 169 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré inú wọn kò sì ní ọlọ́pàá tiwọn, nítorí owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀ àti ilé àtìmọ́lé ju agbára wọn lọ. Láti 1947 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní ètò kan fún irú wọn. Ìlú yóò bá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ṣe ìwé àdéhùn, ìpínlẹ̀ yóò sì yan ọlọ́pàá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìlú náà ní pàtó. Ìpínlẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́, ìpínlẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́, abẹ́ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ni ó sì wà, ṣùgbọ́n ìlú ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlú ń san nígbà kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sí 85. Bí ìlú bá ní àwọn kọ́ńsítébù díẹ̀ tirẹ̀, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìí ni yóò máa darí wọn.

Ohun tí ó wú mi lórí jù kì í ṣe iye owó náà. Àbúrò mi sọ pé ní ìpàdé ìlú wọn, wọ́n máa ń tẹ ìṣirò ọdún jáde, wọn a sì fi ìwé náà lé olúkúlùkù lọ́wọ́. Owó ọlọ́pàá wà níbẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé-ìwé àti owó gbígbá yìnyín kúrò lójú títì. Ẹnikẹ́ni lè dìde kí ó béèrè pé kí ni a rí gbà ní ọdún tí ó kọjá fún owó yìí, ṣé ẹni méjì ni a nílò ni tàbí ẹnì kan, kí ló dé tí ẹni tí ó mọ ìlú wa dáadáa fi ń lọ síbòmíràn. Bí wọn kò bá fẹ́ ètò náà mọ́, ìlú lè dìbò pé àwọn yóò dá ọlọ́pàá tiwọn sílẹ̀, tàbí kí àwọn má ṣe ní ti ìwé àdéhùn rárá, kí àwọn máa retí ọlọ́pàá tí ó bá ń kọjá lọ láti àgọ́ ìpínlẹ̀ tí ó wà nítòsí. Mo ka èyí, mo sì wo ìwé gígùn mi.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tán. Ní Pennsylvania, nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ìlú tí ó lé ní 2,500 ni kò ní ọlọ́pàá tiwọn, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣọ́ wọn, wọn kì í sì í san owó kankan fún un yàtọ̀ sí owó orí tí gbogbo ènìyàn ń san. Àwọn ìlú tí ó ń náwó lé ọlọ́pàá tiwọn bínú, wọ́n ní àwọn ń san ti ara àwọn, àwọn tún ń bá ẹlòmíràn san tirẹ̀. Ní 2017, gómìnà ìgbà náà, Tom Wolf, dábàá pé kí àwọn ìlú tí kò ní ọlọ́pàá máa san dọ́là 25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Àwọn aṣòfin kò gbà. Ní Kánádà, tí ọlọ́pàá àpapọ̀ wọn máa ń bá ìlú ṣe àdéhùn, ìlú tí èrò rẹ̀ kò tó 15,000 ń san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san 90. Gbogbo wọn ni ó ń jiyàn lórí owó, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé tí gbogbo ojú rí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé a ti ní Àmọ̀tẹ́kùn. Ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi í lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí mínísítà ètò ìdájọ́ fi kéde pé kò bófin mu, àfìgbà tí wọ́n jókòó jíròrò, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀, títí kan ti Ọ̀ṣun wa. Inú mi dùn sí Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn ọmọ tí ó gbọ́ èdè wa ni, wọ́n mọ igbó, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọdẹ kí ó tó di pé wọ́n wọ aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá tẹ ọ̀daràn, tẹ́ṣàn ni wọn yóò fà á lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì padà sí ibi tí epo kò sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sì ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò lọ. Bí wọ́n bá wà ní ìlú wa lónìí, tí wọ́n bá kó wọn lọ sí ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́la nítorí àwọn ajínigbé, ìlú wa kò ní ìwé tí ó lè fi béèrè wọn. N kò sọ pé kí wọ́n má lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ní ìrọ̀lẹ́ mọ bí àyà ṣe ń já. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú kékeré ni a máa ń kọ́kọ́ yọ wọn kúrò nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìgbà pàjáwìrì lórí ètò ààbò, ó sì ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin wò kí ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Láti yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè padà, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá yóò fi ìdá méjì nínú mẹ́ta fọwọ́ sí i, ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 yóò sì gbà á wọlé. Mo fẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo àríyànjiyàn tí mo ń gbọ́ lórí rédíò dá lórí ẹni tí yóò yan ọ̀gá ọlọ́pàá, bóyá gómìnà ni tàbí ìgbìmọ̀ kan. N kò tíì gbọ́ ẹni tí ó béèrè pé kí ni yóò yí padà fún ìlú tí ó ń ra epo. Bí àṣẹ bá kúrò ní Àbújá tí ó dúró sí Òṣogbo, ìlú wa yóò ṣì wà níbi tí ó wà, yóò máa fúnni lẹ́bùn.

Ẹ̀rù tí àwọn àgbà ń bà nípa ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bàbá mi, olùkọ́ ni kí Ọlọ́run tó pè é, máa ń sọ fún wa nípa àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tí àwọn káńsù ní ní ìwọ̀-oòrùn nígbà náà, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní akódà. Wọ́n mọ ojúlé gbogbo ènìyàn. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n náà ni ó di ìṣòro nígbà tí òṣèlú gbóná, nítorí ẹgbẹ́ tí ó bá ní káńsù lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, wọ́n sì mọ ilé alátakò àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 1965 tí ìwọ̀-oòrùn fi iná jó ara rẹ̀, tí a ń pe ìgbà náà ní wẹ́tíẹ̀, kò sí ẹni tí ó sunkún púpọ̀ nígbà tí ìjọba ológun tí ó dé ní 1966 bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi tú wọn ká, tí wọ́n sì kó àwọn kan nínú wọn wọ inú ọlọ́pàá àpapọ̀. Bàbá mi kì í sọ pé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ burú. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé kò sí ìwé tí ó sọ fún wọn pé ti gbogbo ìlú ni wọ́n í ṣe. Mo gbà pé ó mọ ohun tí ó ń wí.

Ewu mìíràn wà tí ó kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní pàtàkì, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa fi ara balẹ̀ wò. Wúrà wà nílẹ̀ wa, láti Ìtàgúnmodì àti Ìgún dé Ìperíndó. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó máa bá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn, ta ni yóò san ju àwọn tí ń wa wúrà lọ? Pennsylvania tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti rí i. Ní 1865, wọ́n ṣe òfin tí ó gba àwọn onírelùwéè láàyè láti ní ọlọ́pàá tiwọn. Ní 1866, wọ́n fi ti àwọn tí ń wa èédú àti àwọn tí ń yọ́ irin kún un. Dọ́là kan péré ni ilé-iṣẹ́ ń san fún ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ìjọba ni ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá náà, ilé-iṣẹ́ ni ó ń bọ́ ọ, nítorí náà, ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ tí ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn ni kóńdó rẹ̀ máa ń bà sí. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti àwọn awa-èédú ní 1902, ojú wá là pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ní 1905 ni ìpínlẹ̀ náà sì dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọdún 1931 kí gómìnà Gifford Pinchot tó fagi lé ìwé àṣẹ àwọn ọlọ́pàá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Bí òfin tiwa bá máa gba àdéhùn láàyè, àwọn ìlú nìkan ni kí ó gbà láàyè, kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ san tirẹ̀ sínú àpò ìpínlẹ̀ fún gbogbo agbègbè.

Owó oṣù tún ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì gbàgbé pé láti 2015, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Ìyàwó mi wà nínú wọn, mo sì mọ ohun tí a jẹ àti ohun tí a kò jẹ. Olùkọ́ tí a fún ní àbọ̀ owó yóò lọ dáko tàbí kí ó ta ọjà. Kí ni ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe? Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn, inú wa sì dùn, ṣùgbọ́n ní 2025, owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun há sí Àbújá nítorí ìjà lórí àwọn tí ó jẹ́ alága tòótọ́. Bí owó ọlọ́pàá ìlú kékeré bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá, oṣù mẹ́ta ni yóò lò kí ó tó bàjẹ́. Èyí ni mo fi gbà pé ó dára kí ìlú fúnra rẹ̀ san díẹ̀, ní gbangba, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ó sì jẹ́ ìpínlẹ̀ ni yóò san èyí tí ó pọ̀ jù. Ìdá 85 ti Connecticut kò lè jẹ́ tiwa. Ìlú tí ìyá arúgbó ń fi owó ẹ̀fọ́ san ẹgbẹ̀rún kan lóṣù kò gbọdọ̀ san owó oṣù ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré ni a san, tí ó sì wà nínú ìwé, ẹnu wa yóò gba ọ̀rọ̀.

Abúlé tí kò lè san rárá ńkọ́, àwọn abà inú oko kòkó ní Àtàkúmọ̀sà tí kò ju ilé mẹ́jọ lọ? Òfin gbọ́dọ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ ni yóò san tiwọn pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo olè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni yóò mọ ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò sì wà láàárín wa, àwọn Ebira àti Ìgèdè tí ń bá wa ṣe oko, àwọn Haúsá tí ń wa wúrà, tí wọn kì í wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè nítorí pé kò sí ẹni tí ó pè wọ́n. Ọlọ́pàá tí ìlú bá bá ṣe àdéhùn, tiwọn náà ni, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó di pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Mo sọ èyí ní ìpàdé, inú àwọn kan kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ ọ́.

Nítorí pé a kò lè bá ọlọ́pàá ṣe àdéhùn títí òfin yóò fi yí padà, a ti pinnu láti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wa. Mo kọ ìwé ojú ewé méjì. Ó sọ iye ọdẹ tí yóò wà níta lóru kọ̀ọ̀kan, aago tí wọn yóò jáde àti èyí tí wọn yóò wọlé, ọjọ́ tí owó wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láìyẹ̀, ohun tí ìlú yóò ṣe bí ọ̀kan nínú wọn bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àti pé wọn kò gbọdọ̀ na ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ náà. Ó tún sọ pé Olúọdẹ yóò máa wá sí ìpàdé oṣooṣù láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ní ti tẹ́ṣàn, a fohùn ṣọ̀kan pé bí a bá tún máa fún wọn ní epo, ìwé yóò bá a lọ tí yóò sọ pé ti ìṣọ́ òru ni, DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn náà, yóò sì fọwọ́ sí i pé òun rí i gbà. Kò ní agbára òfin, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sájẹ́ńtì tí ó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn yóò rí ìdáhùn.

Mo ka ìwé àwọn ọdẹ náà sókè fún wọn ní ilé Lọ́jà, olórí ìlú wa, ní èdè Ìjẹ̀ṣà, kí ó má bàa sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò gbọ́. Olúọdẹ, tí ó ti ń ṣọ́ ìlú kí a tó bí mi, ní kí n tún ojú ewé kejì kà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Akọ̀wé, ọmọ mi, ó dára. Ta ni yóò wá fọwọ́ sí i fún ìlú?" Gbogbo wa dákẹ́. Ní Connecticut, ìlú jẹ́ ẹni tí ó lè fọwọ́ sí ìwé, tí ó lè pe ẹjọ́, tí a sì lè pè lẹ́jọ́. Lójú òfin tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó wà, ìlú tiwa kò sí. Lọ́jà sọ pé òun yóò fọwọ́ sí i. Alága ẹgbẹ́ ní ẹgbẹ́ ni ó ń san owó. Ìyálọ́jà, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, dìde, ó sì sọ pé àwọn obìnrin ni wọ́n ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ̀rún kan kọ̀ọ̀kan yìí, nítorí náà, ọwọ́ tòun náà yóò wà níbẹ̀. A gbà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fọwọ́ sí i, kí Olúọdẹ tẹ àtàǹpàkò tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Sátidé tí ó ń bọ̀ ni. Mo ti ra pádì yíǹkì.